Òṣó Níwájú Àpótí Oyin

Òṣó ni mo ló lẹ́yìn ilé wa lọ́nà Ìbòdì,
ní Iléṣà, lábẹ́ igi ìyeyè,
bí bàbá bàbá mi ti ń lóṣòó lójúde oníbàárà
tí kì í dìde àfi tówó aṣọ bá pé.
Àmọ́ oyin ò jẹ mí ní gbèsè.
Èmi ni mo kan ilé tí wọn ò ní kí n kàn.

Férémù mẹ́wàá.
Ògúndìípẹ̀ káfíńtà fá wọn títí wọ́n fi ń dán bí àwo tángaran.
Oyin wọlé, ó rìn yíká, ó jáde.
Òórùn ọ̀dà ló kún ibẹ̀;
ta ní í sùn nínú yàrá tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ?
Mo gbé omi ṣúgà sílẹ̀ nínú ìdérí ike,
èèrà ló lá a.
Mo ń ṣí àpótí wò láàárọ̀, mo ń ṣí i wò lálẹ́,
títí Ìyá Fápohùndà fi pòṣé sí mi:
“Ìwọ, ta ló ń bímọ lójú ọjà?
Bò ó.”

Níbi tí mo ti ń ṣọ́ àpótí tuntun,
inú rédíò Adéṣuyì ni wọ́n ti ń kọ́lé,
rédíò onígi tó yadi lọ́dún tí ọkọ mi kú,
tí mo gbé síta nítorí ikán,
tí n kò lè jù nù.
Mo gbọ́ tó ń kùn. Àyà mi já.
Mo rò pé ó fẹ́ ka ìròyìn aago méje.

Afárá mẹ́ta, funfun bí eyín ọmọdé,
níbi tí ohùn máa ń gbà jáde.

Nírọ̀lẹ́ mo finá sí háhá àgbọn, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́.
Mo tọrọ gáfárà kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án.
Mo fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so afárá mọ́ férémù,
kò le, kò dẹ̀,
bí ìgbà tí a ń pọn ọmọ tuntun fún ìyá àgbà.
Mo fi igbá bu àwọn tó kù; ìyá wọn wà láàárín.
Mo yọ́ ẹ̀rúnrún ìda nínú agolo mílíìkì,
mo fi ìyẹ́ adìẹ fà á sórí férémù méje yòókù,
ìlà kan péré, bí èyí tí tíṣà ń fà sójú pátákó
kí ọmọ iléèwé má baà kọ̀wé wọ́.

Mo bò ó. Mo lọ ro ilá mi.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo ṣí i.
Oyin di oyin lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n rọ̀ sílẹ̀ láti ojú ìlà,
ẹ̀wọ̀n tí kò nírin,
ìda ń yọ níkùn wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja wẹ́wẹ́.
Wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.
Ìrì sẹ̀ mọ́jú lórí ilé tí wọ́n fi ikùn mọ.
Ó dúró.
Afárá ni à ń pè é, bí èyí tí a fi ń sọdá odò;
n kò tíì ronú kan orúkọ náà rí.
Ọ̀kan nínú wọn wọ́.
Mo fi àtàǹpàkò rọra tì í sójú ọ̀nà,
oyin kan ta mí. Ó tọ́ sí mi.

Mo ti gbé rédíò padà sí pálọ̀.
Ìda díẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
N ò nù ún.