Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrò Èédú ní Arvaikheer

Òtútù òwúrọ̀ yìí lè fọ́ eyín ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níta.
Mo ti da èédú sínú ààrò lẹ́ẹ̀mejì,
yìnyín ṣì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ́ wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé.
Ọmọ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ń wò mí.
Mo kọ ọ́ sára pátákó: Ètò Ẹgbẹ́ Òṣèlú.
Gansukh tó wà lẹ́yìn pátápátá ti sùn kí n tó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, ẹ jẹ́ ká fi ẹṣin ṣe é.
Etí wọn dìde. Ta ni kò ní ẹṣin nílé nínú wọn?
Bí ẹṣin kan ṣoṣo bá dá sáré láti orí òkè dé etí odò,
èwo ni yóò ṣe ipò kìíní?
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹṣin yẹn náà ni, olùkọ́!"
Èwo ni yóò gbẹ́yìn?
Ẹ̀rín dá. Tserenlkham na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀:
"Ẹṣin yẹn náà ni."
Mo ní, ẹlẹ́gbẹ́-kan nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá jẹ́ méjì ńkọ́?
Gansukh ti jí. Ó ní ẹṣin dúdú ni ti bàbá òun,
pupa ni ti àbúrò bàbá òun,
láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú ni agbolé àwọn ti pín sí méjì,
ẹni tó bá fẹ́ràn aláwọ̀ eérú, kó fi mọ sínú ara rẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ń kọ́ni,
n kò rí i sọ tó báyẹn rí.

Nígbà tó kan ẹlẹ́gbẹ́-púpọ̀, mo ní kí wọ́n pa ìwé dé.
Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù:
ta ni yóò máa jókòó ti ààrò?
Ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ariwo sọ.
Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ mẹ́rìnlá: ká máa pààrọ̀ ìjókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.
Àwọn tí ara wọn ti móoru jẹ́ mẹ́tàlá: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó jókòó.
Ó ku méjì, Tserenlkham àti Ölzii tí kì í sọ̀rọ̀.
Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju pé
kí ẹni tó bá jókòó ti ààrò máa lọ gbé èédú wá.

Ká sọ òótọ́, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣìkẹ́ ènìyàn méjì tó bẹ́ẹ̀.
Ẹnìkan fún wọn ní wàrà gbígbẹ, ẹnìkan ṣèlérí ìbọ̀wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà;
lónìí ni mo rí i tí ọmọńdinrín ìka
ní òun ò tíì bá wọn dì.

N kò sọ fún wọn nípa ọdún 1986
tí mo kọ́kọ́ dé yàrá yìí, tí àwòrán ẹnìkan ṣoṣo kọ́ sókè pátákó.
Ìbéèrè ìdánwò: Ẹgbẹ́ òṣèlú mélòó ló yẹ orílẹ̀-èdè?
Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé:
"Ó kéré tán méjì, kí èkínní lè máa rí ẹni tí yóò máa wò ó."
Mo fún un ní òdo.
Báírò pupa. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Bàtà awọ ló ń tà ní ibùdókọ̀ báyìí.
Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń kí mi.
Ọmọ rẹ̀ ni Tserenlkham.

Aago lù. Ẹgbẹ́ fèrèsé ti gbà láti máa gbé èédú.
Ọmọ náà gbé ìwé àdéhùn wá síwájú mi,
ó ní kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.
Mo tọwọ́ bàpò: pupa nìkan ló wà níbẹ̀.
Mo dá a padà,
mo yá pẹ́ńsù Ölzii.