Okùn Inú Búùtù

Ọjọ́ méjì péré la fẹ́ lò:
Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, ká sùn, ká padà.
Ìyá mi fẹ́ fojú kan Dọ́káàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀,
tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí.
Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún
tí wọ́n ti ń fi fóònù jiyàn
lórí ẹni tó fọ́ ife tíì Mátírọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, ọ̀nà ti di ìyẹ̀fun pupa.
Àwọn kan máa ń rìnrìn àjò lọ wo aṣálẹ̀;
tiwa máa ń wá bá wa nílé ni,
ó ń lo oṣù mẹ́ta lórí àga wa, lórí ewé káṣú,
nínú itọ́ ẹnu wa,
kó tó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Mọ́tò mẹ́ta ni Olúmodéjì fi hàn wá.
Èkíní, jíìpù, ó dúdú títí dé gíláàsì.
Ó ga débi pé ìyá mi béèrè
bóyá wọ́n á bá òun gbé àkàbà wá.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà lójúmọ́, epo ò sí níbẹ̀.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo táyà:
ó ń dán bí orí ọmọ tuntun.

Síẹ́nà ló tẹ̀ lé e, ìjókòó méje fún èèyàn méjì,
ikùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ bíi ti ewúrẹ́ tó fẹ́ bí.
Mo rántí àwọn kòtò ẹ̀yìn Mọ̀pà.
Mo ní ó dàbọ̀.

Píjò ló wà lábẹ́ igi, ó ti jẹ́ funfun rí.
Ilẹ̀kùn kan kì í ṣí àfi láti ìta.
Baiyéṣeà, awakọ̀ rẹ̀, ń jẹ ẹ̀pà, kò tilẹ̀ dìde.
"Okun o, màmá," ló wí, "okun o."
Mo ní kó ṣí búùtù.

Ṣọ́bìrì kan. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin.
Táyà àpamọ́ (mo ta á nípàá, ó lé).
Pátákó méjì tí iyanrìn ti jẹ létí.
Àti okùn, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi,
tó ká jọ bí ejò tó jẹun yó.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti lò ó?"
"Fún mọ́tò tèmi? Ẹ̀ẹ̀mejì.
Fún jíìpù…" Ó pa ẹ̀pà mìíràn, ó rẹ́rìn-ín.
"Mi ò ka tiyẹn."

Olúmodéjì fajú ro. Owó jíìpù ló ń dùn ún.
Ó ní ẹni tó ti Àbújá wá, Píjò yìí kò yẹ ẹ́.
Mi ò dá a lóhùn.
Okun la fi ń kí ara wa nílẹ̀ yìí;
fi àmì kan lé e lórí,
ó di ohun tí mo rí nínú búùtù yẹn.
Ẹni tó bá ní méjèèjì
ni mo lè gbé ìyá mi lé lọ́wọ́.

Ìdájí la gbéra. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù,
fèrèsé la ṣí, ìyá mi fi gèlè bo imú.
Ní Ìsánlú, iná mọ́tò kò ríran ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ.
Baiyéṣeà ń wakọ̀ bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀
tó kún dé etí.

Dọ́káàsì kò kí wa.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nàka sí ìyá mi:
"Ìwọ lo fọ́ ọ."
Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sunkún.

A kò lo okùn náà lójú ọ̀nà, lálọ lábọ̀.
Ìgbà tá a délé ni ìyá mi tọ́ka sí ìdì aṣọ wa,
ó ní kí Baiyéṣeà yá òun.
Ó ní òun á wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.
Kò tíì wá.
Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé, láàárín máńgòrò àti òpó iná,
aṣọ ìrìn àjò wa ló wà lórí rẹ̀,
a ti fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta,
omi wọn ṣì ń pupa.