Ojú Ẹsẹ̀ Mẹ́jọ Lórí Sìmẹ́ńtì

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Làsísì àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé wọn jáde.
Wọ́n ń gbin, wọ́n ń làágùn,
wọ́n ní, "Bàbá, ṣé òkúta lẹ kó sínú rẹ̀ ni?"
Mo ní ẹ rọra, ẹ má fi gbá ilẹ̀kùn.

Owó Údójì ni mo fi rà wọ́n
nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ra alùpùpù.
Ìyá mi bú sẹ́kún ní Òkè-Ẹlẹ́rìn
pé ọmọ òun gbé pósí méjì wọlé.

Igi tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ lédè wa ni wọ́n fi kàn wọ́n,
aṣọ dúdú bojú wọn bí ẹlẹ́hàá.
Ara wọn ni Oyèbọ́lá dì mú dìde nígbà tó fẹ́ẹ́ rìn,
àmì eyín rẹ̀ wà létí tọwọ́ òsì:
mẹ́rin lókè, méjì nísàlẹ̀.

Ọyẹ́ ló pa wọ́n.
Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń la ètè, tó ń la pákó,
òun ló jẹ rọ́bà etí wọn díẹ̀díẹ̀
títí ohùn fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.
Làsísì fi awọ bàtà lẹ̀ ẹ́,
ó fi tíúbù kẹ̀kẹ́ lẹ̀ ẹ́,
ó ń mi orí bíi dókítà tí kò fẹ́ sọ fún ará ilé.
Mo kọ lẹ́tà sí Kẹ́lọ̀mù tó ṣe wọ́n, lókè òkun.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lẹ́tà mi padà dé,
ẹnìkan ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí i lára
pé ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé,
kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.

Kápẹ́ẹ̀tì!
Ohun tí í gbé ohùn mì.

Àwọn tuntun ti Èkó dé nínú páálí,
Oyèbọ́lá ló rà wọ́n, n kò béèrè iye.
Wọ́n ga, wọ́n tínrín,
wọ́n dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá kí àlejò.
N kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n dára.
Mo gbọ́ èékánná lórí okùn gìtá,
mo gbọ́ bí olórin ṣe mí kó tó lanu,
mo gbọ́ àga kan tó dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ni mo bá ki kásẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ akọrin wa bọ̀ ọ́,
Kérésìmesì 1984, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
èmi, Adégòkè àti olóògbé Ṣàngódoyin lohùn ìsàlẹ̀.
Ní ẹsẹ kẹta, ẹnìkan já sí kòtò.
Mo dá a padà. Ó tún já.
Èmi ni.
Odindi ẹsẹ ni mo fi wà nínú kòtò yẹn
tí mò ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta,
tí àwọn méjì yòókù ń fà mí lọ́wọ́.

Ogójì ọdún ni mo ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì yìí yangàn fún àlejò!
Ogójì ọdún ni àwọn ẹlẹ́hàá méjì yẹn fi bo àṣírí mi,
wọ́n pò mí mọ́ Adégòkè,
wọn ò wí.

"Dádì, ohùn tòótọ́ nìyẹn," Oyèbọ́lá wí lórí fóònù.
Òótọ́ ni. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Ní Mọ́ńdè mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù Làsísì ní Sábó.
Ó ti tú tọwọ́ òsì,
ìfun wáyà bàbà wà nílẹ̀, ó ti rí ẹni tó máa rà á.
Tọwọ́ ọ̀tún ti lọ.
Mo gba àpótí òfìfo náà,
ọlọ́kadà gbé e sí iwájú, èmi jókòó sẹ́yìn,
gbogbo ọ̀nà ń wò wá.

Ó ti padà sórí ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì,
mẹ́rin yòókù ṣì funfun.
Lálaalẹ́ ni mò ń gbé awò ojú mi lé e lórí.
Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.