Jẹ́ Kó Jẹ Mí

Ní kíláàsì wa ní Ọ̀jọ́,
olùkọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù:
kò sí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́.
Òyìnbó kan ló sọ ọ́, ó ti kú tipẹ́.
Ó ní okùn ni ẹ̀bùn,
ẹni tó fún ọ kò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi yege,
mo gbàgbé.

Ní Ẹ̀pẹ́, ilé ìyá mi àgbà dojú kọ
ògiri ẹ̀sìtéètì tuntun tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣe adé.
Ọ̀gbẹ́ni Mobólúrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀.
Ìyá àgbà kó ọ̀bọ̀kún yíyan mẹ́ta sínú abọ́ tánganran,
èyí tí etí rẹ̀ ti bó.
"Gbé e fún àlejò wa."

Mégàádì ní kóòdù dà.
Mo ní ẹja ni, kì í ṣe kóòdù.
Ó kọ orúkọ mi, ó kọ nọ́ńbà mi,
ó kọ aago tí mo dé, ó kọ "ẹja".

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù mi dún:
ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.
Lábẹ́ rẹ̀: Owó ẹja. Ẹ ṣé.

Ìyá àgbà wo fóònù bí ẹni wo ẹnu ọgbẹ́.
"Ṣé ìdí àtẹ l'Ólúwo ló ti bá mi ni?"
Ó dákẹ́. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.
"Owó yìí ló fi tì mí síta.
Dá a padà. Jẹ́ kó jẹ mí."

Mo sọ fún un pé òyìnbó kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.
Ó ní, "Ṣé ó mọ Ẹ̀pẹ́ ni?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, abọ́ wà lẹ́yìn ògiri.
Mo ń rò ó lóru:
ẹni tó ń sanwó gbogbo nǹkan lójú ẹsẹ̀,
omi, iná, ààbò, géètì tó ń ṣí fúnra rẹ̀,
kò jẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́.
Òmìnira rèé,
ó tutù bí ààrò tí a kò dáná sí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ọmọbìnrin kékeré kan gbé abọ́ dé.
Bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n fi ń dá abọ́ padà,
páálí kọnfíléèkì ló kì bọ inú ẹ̀.
Ìyá àgbà kò jẹ ẹ́ rí láyé.
Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ rẹ̀.
Ó fọ abọ́.
Ó ń bi ọmọ náà pé kí ló ń jẹ́,
ó sì ti ń wá ọ̀bẹ ẹja.