Ẹ̀yìn Àwòrán

Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni mo fi wa mọ́tò nínú yìnyín,
láti Winnipeg dé Brandon,
kí n lè ra ohun tí èmi fúnra mi tà.

Ilé oníṣègùn eyín ni.
Wọ́n gbé e kọ́ sókè àga àwọn tó ń dúró de ìrora,
pupa rẹ̀ ṣì ń jó
bí alẹ́ tí Lesia fi ọ̀bẹ lẹ ọ̀dà náà,
tí kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ni mo tà á lọ́dún náà lọ́hùn-ún,
owó gáàsì tí a fi yáná.
Lesia ò bi mí pé èló.
Ó ń fọwọ́, omi ń pọ́n wọnú ihò.

Ọkùnrin yìí ní ẹgbàáwàá.
Èmi tí mo lè ná ọjà títí ilẹ̀ ó fi ṣú,
mo ní, "Ó dáa."

Ọgọ́ta àwòrán rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi,
nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kì í yẹ̀,
kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀.
Mo rò pé mo ti ka gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ tán.

A sọ ọ́ kalẹ̀. Mo yí i pa dà,
ẹ̀yìn tí mi ò wò lọ́jọ́ tí mo gbowó.
Pẹ́ńsù. Lẹ́tà tó rí wínníwínní:
*Ti Bohdan ni. Kì í ṣe títà.*

Orúkọ mi nìyẹn.

Oníṣègùn ní ṣé kí òun bá mi dì í.
Mi ò dáhùn.
Mo jókòó sáàárín àwọn tó ń dúró,
mo fọwọ́ lẹ́rán,
bí ẹni tí akokoro mú.