Gègé Pupa

Èmi ni akọ̀wé òpópónà wa ní Ìsánlú
láti ọdún tí àgbàrá gbé afárá kékeré lọ.
Ìwé mi rèé, èèpo rẹ̀ ti ya,
mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ bí ẹni di ọgbẹ́.
Ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣù, ilé kọ̀ọ̀kan:
owó ọdẹ, owó gílóòbù, owó àgádágodo.
Ẹni tó bá san, mo fàmì sí i.
Ẹni tí kò san, mo fi gègé pupa yí orúkọ rẹ̀ ká,
pupa bí ojú tí àpólò mú.

Ẹ má bú mi.
Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé Mẹ́dùpìn lójú ọ̀nà oko,
gbogbo ajá àdúgbò dákẹ́.
Ìyẹn bà wá lẹ́rù ju ìbọn lọ.
A ra fèrè mẹ́rin, a ra tọ́ọ̀ṣì,
a fi irin dábùú ọ̀nà lápá ibi àpáta,
Bàbá Otítọ́jù tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun
kọ́ àwọn ọmọkùnrin wa
bí a ṣe ń rìn lóru láìta ẹsẹ̀ mọ́ agolo.

Ṣùgbọ́n ilé kan wà.
Ilé Jẹ́mirìn, tó ń gbé ní Àbújá.
Fèrèsé rẹ̀ dà bí ẹnu arúgbó,
eèsún ga dé lintẹ́lì.
Ejò ń bẹ níbẹ̀, a mọ̀;
èèyàn tó lè wà níbẹ̀ la ò mọ̀.
A pè é lórí fóònù. Ó ní, "Mò ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde."
Àjíǹde mẹ́ta ti kọjá.
Olúwa ti jí, Jẹ́mirìn ò tíì jí.

Ìyá Ometere, ayálégbé, ará Ebira,
oṣù méje, kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.
Mo yí i ká lẹ́ẹ̀meje.
Mo tún dárúkọ rẹ̀ nípàdé, lójú gbogbo èèyàn.
Ó wolẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀kun o, akọ̀wé,"
bí ẹni pé kíkí ni mo kí i.

Òru ọjọ́ kan, ìtọ̀ gbé mi dìde.
Aago mẹ́rin kò tíì lù.
Mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀,
irin lára òkúta.
Fèrè ti wà lẹ́nu mi kí n tó yọjú:
obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ sínú gọ́tà níwájú ilé mi,
ọkọ́ lọ́wọ́, lántánì nílẹ̀,
ó ń kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ewé máńgòrò, ẹrẹ̀ dúdú,
gbogbo ohun tí mo ti ń rò
pé òjò ló ń bá wa kó lọ.
Lẹ́yìn rẹ̀, lọ́gbà Jẹ́mirìn,
eèsún ti wó títí dé abẹ́ fèrèsé,
ó dì í ní ìtí ìtí bí igi ìdáná.

"Ṣé ìwọ ni láti ọjọ́ yìí?"
"N ò ní ẹgbẹ̀rún kan," ó wí. "Mo ní apá."
Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lójú ọkọ́.
"Ometere ń gba ibí lọ sílé ìwé láàárọ̀.
N ò fẹ́ kí ohunkóhun ba dè é nínú igbó."

Fèrè bọ́ lẹ́nu mi.
Ìtọ̀ tí mo jí tọ̀, mo gbàgbé rẹ̀.

Mo wọlé, mo ṣí ìwé.
Gègé pupa kì í pa rẹ́.
Mo fi ìrésà ha á, mo ha á,
bébà lu, ihò kù síbi tí orúkọ rẹ̀ wà.
Mo gba ojú ihò náà rí ojú ewé kejì:
orúkọ tèmi ló wà níbẹ̀,
àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù,
bí ẹni tó ti san tán.

Ọkọ́ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti dípẹtà.
Lọ́la, kí àkùkọ tó kọ,
mà á lọ bi í
ibi tí eèsún kù sí.