Òrí Orúnkún

Lórí rédíò kékeré tó wà lójú fèrèsé mi ní Ìjòkà
ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe borí àbúrò mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.
"Kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí!"
Ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" ya lulẹ̀ bí òjò orí páànù.
"Kí àwọn tó kọ̀ wí!"
Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láàrin àwọn díẹ̀ náà,
ohùn tó fi pè mí nígbà tí ejò wọ ilé ìdáná wa.
Òòlù ró lẹ́ẹ̀kan. Ó parí.
Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún ti fọwọ́ sí i kí wọ́n yá owó
lórúkọ ọmọ tí ọmọ mi ò tíì bí.
Mo pa rédíò. Mo lọ ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀pádọ̀tun tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ìsọ̀kùn
dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì:
"Ṣé torí kó lè máa wí pé rárá la ṣe dìbò fún un?
Ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún ti gba iná ojú pópó,
ó ti gba kànga ẹ̀rọ méjì.
Olórí alátakò! Kí ni wọ́n ń fi ìyẹn sè?"
N ò dá a lóhùn.
Òkùnkùn ojú pópó wa ò ṣeé sẹ́.

Ṣùgbọ́n mo rántí Baba wa Ajídàgbà,
tó ru aṣọ kiri abúlé, tó tà á láwìn,
tó padà lọ lẹ́yìn ìkórè kòkó.
Wọn á ní kó wọlé, kó jókòó. Kò ní jókòó.
"Òṣòó ni màá ló."
Orúnkún sókè, ìdí ò kanlẹ̀,
nínú oòrùn, lójú àwọn àna onígbèsè.
Kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó kàn ń ka iye ọ̀pá aṣọ, iye ṣílè, orúkọ oṣù,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.
Ìgbà mìíràn wà tí kò rí kọ́bọ̀ gbà.
Ṣùgbọ́n kí ó tó dìde,
gbogbo abúlé ti mọ̀ pé gbèsè wà.

Bámitálẹ́ wálé lóru ọjọ́ Ẹtì.
Ó dojú fóònù rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì,
ó ń gbọ̀n bíi kòkòrò tí a dé mọ́ igbá.
"Ta ló ń pè ọ́ nírú àsìkò yìí?"
"Àwọn tó borí mi ni.
Ọ̀sán ni wọ́n ń kígbe bẹ́ẹ̀ ni, òru ni wọ́n ń pè mí:
'Olórí, bá wa bèèrè ibi tí owó àkọ́kọ́ wọlẹ̀ sí.
O mọ̀ pé àwa ò lè bèèrè.'"
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

Mo bu ẹ̀wà fún un.
Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí nínú:
"Tó bá di ọdún tí ẹgbẹ́ tiyín gbàjọba,
tí onígbèsè di ọ̀rẹ́ ẹ,
ṣé wàá lóṣòó níwájú ilé tiwọn náà?"
Ṣíbí rẹ̀ dúró lókè.
Iná lọ lákòókò yẹn gan-an,
bí ẹni pé ìjọba fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.
Kò fèsì. Nínú òkùnkùn, ohun tó sọ ni pé,
"Àǹtí, orúnkún ń dùn mí."

Orúnkún Baba náà dùn ún títí tó fi kú.
Mo táràrà wá òrí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà,
mo fi pa ọ̀tún, mo fi pa òsì.
Ọjọ́ Ajé ló ń padà. Àbá òfin mẹ́rin wà nílẹ̀
tí wọ́n fẹ́ fi kánmọ́kánmọ́ gbà wọlé.
"Ilé ọ̀tá ni o, ilé wa ni o," mo wí,
"má jókòó."
N ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.
Ó ti sùn lọ, lórí ìjókòó.